Àwọn Ológbò Ẹ̀yìn Ilé Ìyẹ̀fun

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ìwé, má bínú sí ọwọ́ tí mo fi ń kọ ọ́. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa tọ́jú àwọn àbúrò mi nílé, láti ìgbà náà n ò fi bírò kọ ju orúkọ mi lọ. Lẹ́tà mi ń tiro, ọ̀rọ̀ ò sì tètè wá. Ṣùgbọ́n Màmá Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ jù nínú, á kan.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló ń gbé yàrá ìpẹ̀kun lọ́wọ́ tiwa. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n ń bọ́ àwọn ológbò tí kò ní ẹni tó ni wọ́n tó wà lẹ́yìn ilé ìyẹ̀fun, níbi tí ọkọ mi ti ń to àpò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni orúnkún wọn wú, wọn ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n pè mí nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ní, ìyàwó, ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ fúyẹ́, ṣé o lè bá mi ṣe é lóṣù yìí? Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí n tó mọ ohun tí mo gbà. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan ju pé níbo ni iyọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà le. Ọmọ ológbò kan kú sáàárín àpò ìyẹ̀fun, oníbàárà ló rí i. Máníjà ní òun máa fi oògùn sínú ẹja fún gbogbo wọn, kóun gba àlàáfíà. Màmá Nọ́ọ̀sì fi orúnkún wíwú yẹn lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní bí ológìnní ò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté, kó rò ó wò. Ló bá ní ó dáa, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbogbo wọn kí wọ́n má bímọ mọ́, kó tó di ìparí oṣù. Dókítà ẹran kan ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, Ọjọ́rú nìkan ló sì ń wá. Èyí tó bá ti ṣe, á gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ díẹ̀, àmì nìyẹn. Máníjà ní lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ òun á wá wo etí wọn fúnra òun, èyíkéyìí tóun bá rí tí etí rẹ̀ pé, gbogbo wọn ló lọ.

Mọ́kànlá ni wọ́n. Ọkọ mi ní òun ò ta kò ó, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí máníjà gbọ́ orúkọ òun ńbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Màmá Nọ́ọ̀sì kọ́ mi ní kéèjì. Àwọ̀n irin ni, ó gùn, ó ní ilẹ̀kùn lẹ́nu àti páànù pẹlẹbẹ kan nínú. Ológbò á wọlé tọ oúnjẹ lọ, á tẹ páànù, ilẹ̀kùn á já. Kí n yára da aṣọ bò ó, pé òkùnkùn ló ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Mo ní ìró àtijọ́ kan tí mo lè lò.

Ohun tí wọ́n sọ lásọtúnsọ ni pé láti ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ológbò kankan ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan. Ebi ló ń ti ológbò wọ kéèjì. Ẹni tó bá ṣàánú wọn lálẹ́, òun ló pa iṣẹ́ àárọ̀.

Àwọn ológbò wá tẹ̀ lé mi lẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ alẹ́, wọ́n ń ké. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó nira ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mẹ́rin! Olójúkan, Adú, àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò olómi ọsàn méjì yẹn. Sàdíìnì ni mo fi tàn wọ́n, pẹ̀lú òróró inú agolo rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn páálí, nígbà tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ já, èmi gan-an ló fò sókè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà. Ó bi mí pé mélòó, mo na ìka mẹ́rin sókè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ gan-an ni ológbò ń fẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù lónìí nìyẹn.

Apá ń dùn mí. Kéèjì tí ológbò wà nínú rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́. Adú ya mí lọ́wọ́ láti ìka dé ọrùn ọwọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá, ìyá ọkọ mi, rí ọwọ́ mi níbi tí mo ti ń ṣa ìrẹsì. Wọ́n bi mí, n ò lè purọ́ fún wọn. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́, orí mi wà nílẹ̀.

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ní: "Ìyàwó, kò tíì pé oṣù márùn-ún tá a gbé ọ wọlé. Àdúrà ọmọ là ń gbà láàárọ̀ lálẹ́. Ìwọ wá lọ ń bá wọn sé ilé ọmọ ológbò. Ṣé o rò pé ohun téèyàn ń ṣe níta kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni?"

Mo ń ṣa ìrẹsì tí kò ní òkúta kankan mọ́. Ọkọ mi náà wà níbẹ̀, ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó kà á.

Lẹ́yìn náà, nínú yàrá, mo bi í bóyá kí n fi iṣẹ́ ológbò náà sílẹ̀. Ó ní òun ni òun fomi fọ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti rí òkú ọmọ ológbò yẹn, òun ni òun fi ọwọ́ gbé e. Ó ní kí n máa ṣe é lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò rọ̀ lánàá láti ìdájí. Ológbò kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, èmi ni mo dúró nínú ẹrẹ̀. Méjì péré. Ọ̀kan lára wọn ní wàrà lọ́mú. Dókítà yára ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ó ní kí n dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú, pé àwọn ọmọ ń retí rẹ̀ níbì kan. Mo tẹ̀ lé e, mo rí wọn lábẹ́ àwọn pákó tó ti fọ́, mẹ́ta, wọ́n ti ń jẹun. Màmá Nọ́ọ̀sì ti gbà wọ́n sí yàrá wọn, wọ́n ní àwọn á wá ẹni tó máa mú wọn. Àwọn yẹn ò sí nínú ìṣirò máníjà.

Ó ku márùn-ún. Ẹja ti tún gbówó lórí. Orí ẹja ni mò ń rà báyìí, mo sì ń sè é títí egungun á fi rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Nǹkan oṣù mi dé láàárọ̀ yìí. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Màmá rí aṣọ tí mo sá. Wọ́n kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó rẹ̀ mí. Mo jí, mo pọn omi, mo dáná fún ilé, mo lọ bọ́ ológbò, mo fọ abọ́ wọn kí eèrà má bò ó, mo fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún Màmá Nọ́ọ̀sì, mo padà wá, ilẹ̀ tí mo gbá láàárọ̀ ti dọ̀tí. Ẹ̀wà jó mọ́ mi nídìí ìkòkò lónìí. Màmá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń ta sánsán bí ilé alágbẹ̀dẹ.

Ọkọ mi dé, ó bá mi níbi tí mo ti sùn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, àlùbọ́sà lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì. Ó rọra gba ọ̀bẹ. N ò mọ ìgbà tó gbé mi wọlé.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Kò sí ìkankan.

Mo gbé kéèjì márùn-ún kalẹ̀, sàdíìnì wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Wọ́n nà gbalaja sórí ògiri, wọ́n ń lá ẹnu. Sọ́jà, akọ ńlá yẹn, sọ̀ kalẹ̀, ó yọjú wo inú kéèjì bí ẹni tó ń wo yàrá tó fẹ́ háyà, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Dókítà dúró títí oòrùn fi mú. Ó wò wọ́n, ó ní, "Wọ́n ti jẹun, ìyàwó." Ìyẹn nìkan ló sọ kó tó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo lọ wo orí òkúta tá a ti ń bọ́ wọn. Ìrẹsì àti eegun ẹja wà níbẹ̀, ó ṣì tutù. Mo padà sílé, mo ṣí ìkòkò ìrẹsì àná. Ó ti ṣófo.

Mo mọ ẹni tó ṣe é. N ò ní kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́rú kan ló kù.

Ọjọ́bọ̀

Mo kúnlẹ̀ kí Màmá láàárọ̀, orúnkún mi ló kí wọn, ẹnu mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Mo gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀, mo kúrò. Ní gbogbo ọjọ́, mò ń bá wọn jà nínú ikùn mi, mò ń sọ̀rọ̀ tí n ò lè sọ láéláé, mo sì ń borí nígbà gbogbo. Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí n sinmi ọkàn. Mo ní ọkàn mi balẹ̀. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

N ò lè mú un mọ́ra. Mo sọ fún ọkọ mi, pé ìyá rẹ̀ ló bọ́ àwọn ológbò kí iṣẹ́ mi lè bàjẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa sọ ọ̀rọ̀ gígùn níwájú rẹ̀, mo sì wá fi ìyẹn sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ láìdáa.

Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni."

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa.

"Mo rí bó o ṣe sùn pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo ní kí n bá ọ fún wọn lóúnjẹ àárọ̀ kan, kó o lè sùn díẹ̀ sí i. Orí ògiri ni mo gbà kí máníjà má rí mi. Mo rò pé oúnjẹ lo kọ́kọ́ máa ń fún wọn láàárọ̀. N ò mọ̀ pé ebi ni iṣẹ́ náà."

Mo ti sọ gbogbo nǹkan fún un o, etí, dókítà, kéèjì. Ebi nìkan ni n ò sọ, torí ojú ń tì mí láti sọ pé mò ń febi pa ẹran. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ òun níbẹ̀ ló gun ògiri pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì lábíyá. N ò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo bu omi fún un. Nígbà tí mo gbé ife náà fún un, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ife.

Màmá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Màmá kù.

Ọjọ́ Àìkú

Mo lọ bá wọn lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti jẹun tán. Wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní: "Èmi lo rò."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Bí mo bá fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, ojú rẹ ni màá ti bà á jẹ́. Ṣé èmi ni màá máa yọ́ kẹ́lẹ́ lórí ìrẹsì tí mo fowó mi rà?"

Wọ́n jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ títí bọ́tìnnì fi dúró. Wọ́n fi eyín gé òwú. Wọ́n ní, dìde, ilẹ̀ tutù. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé mélòó ló kù. Mo ní márùn-ún. Wọ́n ní hùn-ún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọkọ mi dúró ti orí òkúta láti ìdájí pẹ̀lú ìgbálẹ̀, kó tó wọṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣàánú. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é ní Baba Ológbò. Ó ní kí wọ́n máa pè é.

A mú mẹ́rin. Sọ́jà jà bí orúkọ rẹ̀, ó gbé kéèjì yí lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó lé e lórí kó tó gba kámú.

Ó ku ọ̀kan ṣoṣo, Ìyá Àgbà, eléérú yẹn, tó jẹ́ òun ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Dókítà dúró, ó dúró, ó ní ibòmíì ń retí òun. Ó ní bá a bá rí i mú kó tó di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ká gbé e wá bá òun ní ibi iṣẹ́ òun, lódìkejì ìlú.

Ọjọ́bọ̀

Kò wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Ó wọ̀ ọ́. Ó na ẹsẹ̀ ré páànù kọjá, ó jẹ ẹja tán, ó wá fẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba. Mo fẹ́ sunkún, ó rẹ̀ mí ju ẹkún lọ. Nítorí etí kan ṣoṣo, mẹ́wàá yòókù á jẹ oògùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Ọwọ́ mi ń ro mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ tòní.

Mo wà lẹ́yìn páálí láàárọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó, ọ̀bẹ, àti ẹja tútù nínú agbada. Wọ́n ní kí n so okùn mọ́ ilẹ̀kùn kéèjì kó má já fúnra rẹ̀, kí n gbé orí okùn fún àwọn. Màmá Nọ́ọ̀sì ló kọ́ wọn. Àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀ nípa mi láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Wọ́n jókòó ti kéèjì, wọ́n ń họ ẹja, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ológbò tí n ò tilẹ̀ rí. "Olójúkòkòrò. Arúgbó tí kì í yó. Ṣé o ò gbọ́ òórùn ẹ̀ ni, àbí imú ẹ ti dí?" Ìyá Àgbà yọ orí lókè ògiri. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń bọ̀ tààrà! Àṣé ó ti pẹ́ tí Màmá àti ológbò yìí ti ń fa ìfun ẹja mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, kí n tó wọlé yìí rárá. Bàtà Màmá ti bà á lẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ló mọ̀ mọ́ ẹja.

Màmá ju ìfun kan síwájú kéèjì, òmíràn sí ẹnu rẹ̀, òmíràn sínú. Wọn ò dákẹ́ èébú. Nígbà tí ìrù rẹ̀ wọlé tán, wọ́n fa okùn.

Mo da ìró bò ó. Nígbà tí mo yíjú, Màmá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ò tíì hùwà ọ̀dàlẹ̀ báyìí rí.

Wọ́n bá mi wọ ọkọ̀ lọ. Kéèjì wà lórí itan àwa méjèèjì. Nígbà tó ké, obìnrin kan bi wá pé kí ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Màmá ní, "Ìyá ọkọ mi ni. Ara rẹ̀ ò yá." Mo fi aṣọ bo ẹnu. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ó ti dàgbà gan-an, ó ti pẹ́ tó ti bímọ gbẹ̀yìn, kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ fún ọ̀bẹ òun. Etí nìkan lòun máa gé. Màmá wo ológbò náà níbi tó sùn sí, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀. A gbé e padà dé ìdí ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́, wọn ò wo ojú mi. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ọkọ rẹ kí n tó bí i. Ọdún mẹ́fà, ìyàwó. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n rímú mí. Ohun tí mo fojú rí ló ń bà mí lẹ́rù lórí rẹ, kì í ṣe ológbò."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ kéèjì tó wúwo.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Máníjà dé láàárọ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí agbowó-orí. Màmá Nọ́ọ̀sì fi igi rìn wá, Màmá náà tẹ̀ lé wọn. Mo gbé oúnjẹ sórí òkúta kí gbogbo wọn lè jáde, ó sì ń tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo etí. Sọ́jà yọ eyín sí i. Nígbà tó kan Ìyá Àgbà, ó dúró pẹ́, torí etí rẹ̀ ti ya tẹ́lẹ̀ níbi ìjà. Màmá ní, "Òsì ni kí ẹ wò, sà. Ọ̀tún, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn." Ó wo òsì. Ó na ara rẹ̀.

Ó ní ó dáa, òun ò ní fi oògùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kò yí padà o, bí òun bá tún rí etí tó pé níbí, ẹnikẹ́ni ò ní lè bẹ òun mọ́. Ọkọ mi wà lórí àpò lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun bò ó lójú, eyín nìkan ló hàn.

Màmá Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tó kún fún ojú èékánná. Wọ́n ní mo ṣe é. Mo ní a ṣe é, mo sì sọ ọ́ síta, gbogbo wọn gbọ́.

Ilé pa lọ́lọ́ báyìí. Mo ti fọ kéèjì, mo ti sá wọn sí oòrùn, ọ̀la ni a ó kó wọn padà fún dókítà. Gbogbo eegun ara mi ló ń dá dúró rojọ́. Mo fẹ́ sùn títí ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má pè mí, lẹ́yìn náà kí n rí bí mo ṣe máa sọ fún ọkọ mi pé— Màmá ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n tún ń pè. Wọ́n ní kí n má sáré, kí n má pariwo, kí n kàn gbé kéèjì kan bọ̀, pé ọ̀kan wà lórí ògiri tí àwọn ò mọ̀ rí, ikùn rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ méjèèjì sì pé.